Ìyá ń jó, ọmọ ń jó, ta ló mọ ohun tí olórin ń wí? Orin ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ láti òkèèrè gba ìgboro Agége

Bí ẹ bá gba Pen Cinema kọjá l'Ágége ní nǹkan bí aago méje alẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ń ti Ọba Àkràn àti Agídíngbì bọ̀, tí àwọn tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ òru sì ń sáré wọ dánfó, etí yín kò ní í sinmi. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn tó ń bá èèyàn gbé orin sórí fóònù ń ké níhìn-ín, ti oníwàásù ń ké lọ́hùn-ún, ẹni tó ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí náà kò sì pa tiẹ̀. Láàárín ariwo yìí ni orin kan á ti bẹ́ jáde. Ìlù rẹ̀ ń dún gbì-gbà, gbì-gbà, bí ẹni tó ń tiro lọ, olórin sì ń fi èdè Sípéènì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹnu sí èèyàn létí. Ìyá oníata á máa mi èjìká. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń bá a di ata sínú ọ̀rá á máa mi ìdí. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí ẹnì kan.

Ká ní Yorùbá ni olórin náà fi kọ ọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti di nǹkan mìíràn. Ohun tí púpọ̀ nínú irú orin bẹ́ẹ̀ ń wí kò fara sin fún ẹni tó gbọ́ èdè náà: ọkùnrin kan ń bẹ obìnrin tó ní ẹlòmíràn nílé pé kó yọ́ jáde lóru, kó pa fóònù rẹ̀, kó má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rẹ́ kan gbọ́ sí i. Tàbí obìnrin ló ń pè, tó ní ọkọ òun kò sí nílé. Bí wọ́n bá sì ti pàdé tán, olórin kì í fa aṣọ bo ohun tí wọ́n jọ ṣe.

Reggaeton lorúkọ orin náà. Erékùṣù Puerto Rico tó wà nínú Òkun Caribbean àti orílẹ̀-èdè Colombia ni àwọn gbajúmọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n orírun rẹ̀ kò jìnnà sí régè tí àwọn àgbà mọ̀ láyé Bob Marley. Àwọn ará Jàmáíkà tó lọ ṣiṣẹ́ ní Panama, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ odò tí ọkọ̀ òkun ń gbà la ilẹ̀ náà já, ló gbé ìran wọn síbẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, àwọn ọmọ ìran wọn ti ń fi èdè Sípéènì kọ régè. Orin náà dé Puerto Rico, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì fi ìlù tiwọn kún un. Ìlù kan náà tó gbé e dúró dòní, dembow ni wọ́n ń pè é, orúkọ orin Shabba Ranks, ọmọ Jàmáíkà, ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ìdí rèé tí ẹsẹ̀ ọmọ Agége fi tètè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti jó ragga rí kò níí ṣi ẹsẹ̀ gbé síbẹ̀.

Ìjọba Puerto Rico kò kọ́kọ́ fẹ́ orin náà rárá. Kásẹ́ẹ̀tì abẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń tà á, bí wọ́n ṣe ń ta àwọn fújì kan lábẹ́ tábìlì níbí. Lọ́dún 1995, àwọn ọlọ́pàá ya wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kó kásẹ́ẹ̀tì lọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń ba ọmọ jẹ́. Lọ́dún 2002, obìnrin aṣòfin kan, Velda González, gbé ogun ti ijó tí wọ́n ń pè ní perreo, níbi tí obìnrin ti ń kẹ̀yìn sí ọkùnrin. Ajá ni wọ́n ti fa orúkọ ijó yẹn yọ, ó sì tó kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń jó o. Ṣùgbọ́n ariwo tí àwọn àgbà ń pa ló tún polówó rẹ̀. Lọ́dún 2004 ni Daddy Yankee gbé orin rẹ̀, Gasolina, jáde, ayé sì gbọ́.

Èyí tó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ìyá oníata wa ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orin Despacito, tí Luis Fonsi àti Daddy Yankee yìí kan náà kọ lọ́dún 2017. Kò sí ibi tí wọn kò ti lù ú. Wọ́n lù ú níbi ìgbéyàwó, wọ́n lù ú níbi ọjọ́ ìbí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ló rò pé orin ìfẹ́ jẹ́jẹ́ ni, nítorí pé ohùn gìtá inú rẹ̀ dùn bí orin àárọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Màléṣíà, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ jù, rẹ́díò ìjọba pàápàá ń lù ú. Ìgbà tó yá ni àwọn kan lọ wo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, wọ́n rí i pé ọkùnrin ló ń ṣàlàyé bí òun yóò ṣe rọra bọ́ obìnrin láṣọ, wọ́n sì fẹjọ́ sùn. Nínú oṣù keje ọdún 2017 yẹn, ìjọba wọn ní kí rẹ́díò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba má lu orin náà mọ́. Orin tí wọ́n ti fi bí oṣù mélòó kan gbọ́ láìṣẹ̀ ni o. Ohùn rẹ̀ kò yí padà, ìlù rẹ̀ kò yí padà. Ìtumọ̀ nìkan ló wọlé tọ̀ wọ́n wá.

Níbí, ọ̀nà tí èdè Sípéènì gbà wọlé ti pẹ́ díẹ̀. Àwọn òǹkàwé tó ti dàgbà yóò rántí àwọn ọdún 1990, nígbà tí NTA ń gbé eré àwọn ará Mẹ́síkò, The Rich Also Cry, jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti fi rọ́pò ohùn wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀: ọmọ olówó fẹ́ ọmọ tálákà ní bòókẹ́lẹ́, ìyá ọkọ kò sì gbọdọ̀ mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń lọgun sí orin ọmọ rẹ̀ lónìí ló fi ọbẹ̀ jóná nítorí eré yẹn. Ṣáájú ìgbà náà, fíìmù Íńdíà ni, tí ọkùnrin ń fara pamọ́ sẹ́yìn igi, tó ń kọrin sí obìnrin. Ta ló gbọ́ Híńdì níbẹ̀?

Ní báyìí, àwọn olórin méjèèjì ti ń dé ọ̀dọ̀ ara wọn. Lọ́dún 2019, Mr Eazi, ọmọ Nàìjíríà, bá J Balvin ti Colombia àti Bad Bunny ti Puerto Rico kọ orin kan pọ̀, Como Un Bebé. Lọ́dún yẹn kan náà ni Naira Marley, tí wọ́n bí sí Agége kó tó kó lọ sí Peckham ní London lọ́mọ ọdún 11, gbé orin kan jáde tó pè ní Puta. Èdè Sípéènì ni puta, èébú ni, aṣẹ́wó ló túmọ̀ sí. Ọmọ iléèwé ń fi pariwo, òbí rẹ̀ ń gbọ́, kò sí ẹni tó gbá a létí. Ká ló pe ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá ni, ata ni wọn ì bá fi sí i lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà tó fọwọ́ lérí pé ayé ti bàjẹ́, ó yẹ kó rántí ibi tí òun ti bọ̀. Láyé àwọn baba ńlá wa, ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí wúńdíá kan kì í dúró lójúde kó máa ké. Owó ẹyọ mẹ́fà ni yóò so pọ̀ tí yóò fi ránṣẹ́. Ẹ̀fà ni, ìyẹn ni pé ọkàn òun fà sí i. Bí ọmọbìnrin náà bá gbà, ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi dáhùn. Ẹ̀jọ ni, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Ọmọdé tó gbé àrokò lọ tó gbé e bọ̀ kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí bàbá ọmọbìnrin bá dá a dúró, owó ẹyọ ni yóò rí. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, níbo ni èyí ti yàtọ̀ sí ọmọ tó ń fi èdè Sípéènì kọrin lójú ìyá rẹ̀?

Onílù náà ń bẹ níbẹ̀. Gángan lè sọ láàárín àwùjọ ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ, nítorí pé ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín ló ń gbé jáde, ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta sì lè wà lórí ohùn kan náà. Bí olóde bá mú onílù pé ó sọ ọ̀rọ̀ àlè sí ìyàwó òun, yóò ní òun ń kí i ni. Ìyálé tó fura sí ìyàwó kékeré kì í bọ́ sí gbàgede sọ ọ́. Ìdí ọlọ ni yóò wà, tí yóò máa fi orin pòwe, tí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá yóò sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Àwọn ibì kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti gba ẹnu láyè pátápátá. N'Íbàdàn, bí ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn bá kò, ọmọdé àti àgbà lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹni kẹ́ni, kí wọ́n máa dárúkọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀ lórin, onílé kò sì gbọdọ̀ bínú. Ní Kétu àti láàárín àwọn Yewa àti Àwórì, alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ tó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n ti ń tú àṣírí: ta ló ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ta, ìyàwó ta ló ń lọ ọjà tí kò ra nǹkan bọ̀. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dún 2001 pé ó wà nínú àwọn ohun iyebíye aráyé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọjọ́ ni wọ́n yàn fún un. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tó bá tún kọ irú orin bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á rí nǹkan.

Ní Ìkẹjà àti Agége, kò sí ẹni tó yan ọjọ́. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́ ní Ìkẹjà, àwọn ọ̀dọ́ ti ń rọ́ wá láti Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ìjẹ̀bú àti àwọn ibòmíràn gbogbo. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ lọ́dún 1962. Dunlop ṣe táyà níbẹ̀ títí di ọdún 2008. Ẹni ọdún 20 tó fi ìyá àti bàbá sílẹ̀ lábúlé, tó gba yàrá kan nínú ilé tí yàrá dojú kọ yàrá, tí ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná jẹ́ ti gbogbo ayálégbé, ẹnu ta ni yóò bẹ̀rù? Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà ni kò ti sí ibi ìkọ̀kọ̀. Bí àlejò bá wọlé lóru, ayálégbé mẹ́wàá ló gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ òru, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, wọn a máa pàdé lójú ọ̀nà. Irú ibẹ̀ ni orin ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ ti ń rí etí tó gbà á.

Olórin tó sì mọ etí yẹn dáadáa gbé láàárín wọn. Dókítà Orlando Owoh, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Stephen Ọládipúpọ̀ Owómóyèlà, ọmọ Ifọ́n àti Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bí sí Òṣogbo, Agége ló fi ṣe ilé. Káfíńtà ni kó tó di pé ó bá ẹgbẹ́ òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá lọ lọ́dún 1958. Ohùn rẹ̀ há bí ohùn ẹni tó jí lójú oorun, ó ń fi gìtá sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó, ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà, ọ̀rọ̀ ẹni tó dani, ó sì ń da èdè Ọ̀wọ̀ pọ̀ mọ́ Yorùbá tí gbogbo èèyàn gbọ́, débi pé ẹni tí kò gbọ́ èdè náà á kàn máa rẹ́rìn-ín tẹ̀lé àwọn tó gbọ́ ọ. Ó kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 2008. Àwọn tó gbọ́ orin rẹ̀ lórí àwo kò ní í sọ fún yín pé olórin rírùn ni. Wọ́n á ní ó mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló wà yẹn. Nígbà tí Sunny Adé gbé Sweet Banana jáde ní àárín àwọn ọdún 1980, kò sí àgbàlagbà tó rò pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọjà Ìpodò ni wọ́n ń wí. Ọmọdé nìkan ló rò bẹ́ẹ̀, ó sì ń jẹ ìrẹsì rẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ lóde àríyá. Orin kan, etí méjì. Fẹlá, tó fi Ìkẹjà ṣe ibùdó títí tó fi kú lọ́dún 1997, kò ní sùúrù fún irú ìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ló ti kọ Na Poi, tó fi Gẹ̀ẹ́sì aláìgún ṣàlàyé ohun tí ọkùnrin àti obìnrin ń ṣe, rẹ́díò ìjọba sì tì í síta. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ á wá a lọ síbi tí Fẹlá ti ń ṣeré.

Àwọn tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fa aṣọ náà ya pátápátá. Ọbẹ́sẹ̀rẹ́ wọlé ní àwọn ọdún 1990 pẹ̀lú àṣàkaṣà rẹ̀, àwọn onífújì ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Saint Janet fi ohùn orin ìyìn ṣọ́ọ̀ṣì kọ orin ìbálòpọ̀, àwọn ìyá ìjọ gbọ́ ohùn, wọ́n fẹ́ gbè é, kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Orin Naira Marley, Soapy, tó jáde lọ́dún 2019, àwọn kan ké pé ijó rẹ̀ ti kọjá ààlà.

Àjọ NBC tó ń mójú tó rẹ́díò àti tẹlifíṣọ̀n kò ṣàì jà. Lọ́dún 2017, wọ́n fi Wavy Level tí Olamide kọ sínú àwọn orin tí kò gbọdọ̀ lọ lórí afẹ́fẹ́. Lọ́dún 2018, wọ́n bu owó ìtanràn 100,000 náírà lé rẹ́díò kan nílùú Jos lórí, nítorí àwọn orin mẹ́ta kan, tí Iskaba tí Wande Coal kọ wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dì mọ́ rẹ́díò lẹ́sẹ̀ kò dé ara fóònù. Rẹ́díò Lagos wà ní Agídíngbì, NBC mọ ilé rẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ orin nínú dánfó, tó ki nǹkan bọ etí méjèèjì, ta ni yóò bu owó ìtanràn lé e? Ó sì dà bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìyà ti wà jù. Nígbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ Sunny Adé ń lọ, ìyá àti ọmọ jọ wà lójú agbo ni. Ìyá rí ọmọ, ọmọ rí ìyá. Tòní, oníkálukú ló ń dá gbọ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ja ìjà orin rírùn kì í sábà dé ìdí rẹ̀, òun náà ni ti obìnrin. Nínú ọ̀pọ̀ orin yìí, ti Sípéènì àti ti Yorùbá, ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀. Òun ló ń sọ pé obìnrin fẹ́, òun ló ń sọ pé bó ti ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́, ó fẹ́. Orin náà á tán, wọn kò ní í gbọ́ ohùn obìnrin tí wọ́n ń wí. Ẹ wá gbé èyí lọ sóde àríyá kan ní Ògbà tàbí Ìjú, níbi tí ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ti ń jó pẹ̀lú ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́. Ó gbọn ìdí. Ọ̀gá ti gbọ́ orin tó pọ̀ tó ní gbígbọn ìdí ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ Ajé, ó dé ibi iṣẹ́, ó ń retí ìyókù. Ọmọbìnrin náà ní ìjó ni òun jó. Ta ni yóò gbà á gbọ́?

Obìnrin kan nínú àwọn olórin reggaeton ti dáhùn èyí lọ́dún 2003. Ivy Queen lorúkọ rẹ̀, ọmọ Puerto Rico ni, Quiero Bailar sì ni orin náà, tó túmọ̀ sí pé mo fẹ́ jó. Ó sọ fún ọkùnrin tó ń jó pẹ̀lú rẹ̀ pé kó jẹ́ káwọn jọ jó o, kí ara gbóná, kí òógùn máa bọ́, ṣùgbọ́n kó má rò nítorí ìyẹn pé òun ń bá a lọ sórí ibùsùn. Kò kọ ìfẹ́ ara sílẹ̀ rárá. Ó kàn sọ ibi tó parí sí. Àwọn obìnrin sì ti ń fi orin náà jó láti ọdún yẹn wá.

Orin ọ̀gá àti orin Ivy Queen, èdè kan náà ni wọ́n fi kọ wọ́n, lójú ìyá oníata àti ọmọ rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Fóònù tó wà nínú àpò ọmọ náà lè tú èdè Sípéènì sí Yorùbá, láti ọdún 2013 ni Google ti fi Yorùbá kún àwọn èdè tó ń túmọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ a máa wọ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ó tó láti mọ ẹni tó ń bẹ èèyàn àti ẹni tó ń kọ̀. Owó dátà rẹ̀ kò tó owó ata tó wà lórí àtẹ. Títí di bí ọjà ṣe ń tú lálẹ́, tí wọ́n ń da ata tó kù padà sínú apẹ̀rẹ̀, fóònù náà ṣì wà nínú àpò, ẹlòmíràn sì ti gbé orin mìíràn sórí ẹ̀rọ.